Ọdún Mẹ́tàlélógójì Nídìí Aṣọ Mísà

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ilé ìwé lè rí ohun tí wọ́n máa fi ronú sí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹnì kan ti kọ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹnì kan ti kọ nípa ọkọ̀ wíwà. Nígbà tó kàn mí, akọ̀wé wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ṣé Ifẹ̀ níbí ni wọ́n ti ń rán aṣọ tí Fadá ń wọ̀? Mo rò pé Róòmù ni wọ́n ti ń kó o wá ni." Mi ò bínú sí i. Bí nǹkan ṣe rí lónìí, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́.

Mọ́níkà lorúkọ mi. Ọmọ Ìpetumodù ni mí, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi gba ìsinmi, ní Òkèrèwè, nínú yàrá kan tó kọjú sí títì. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi ránṣọ fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Mo rán aṣọ tí Fadá ń wọ̀ ṣe Mísà, mo rán aṣọ orí pẹpẹ, mo rán ìbòrí tí a máa ń gbé lé Ara Kristi lórí nígbà tí a bá ń gbé e yí ìlú ká, títí dórí aṣọ pélébé tí a fi ń wé ère Jésù ọmọ ọwọ́ ní Kérésìmesì. Ẹ má bi mí ní iye tí mo ń gbà. Èyí tí mo gbà, pẹ̀lú owó oṣù ọkọ mi tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ó rán ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé. Ó tán.

Kátíkísì ni bàbá mi ní Ìpetumodù, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nínú ìjọ. Òun ló mú mi wá sọ́dọ̀ Màmá Àgátà, lẹ́yìn tí mo jáde ní mọ́dà sùkúù, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Opó ni Màmá, ọmọ bíbí Ifẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ṣàdédé rẹ́rìn-ín. Bí inú bá bí i, èdè Ifẹ̀ pọ́ńbélé ló máa fi ń bá wa wí, á sì yára débi pé èmi tí mo wá láti ìtòsí gan-an kì í gbọ́ ìdajì. Lọ́jọ́ tí bàbá mi mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò béèrè bóyá mo mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Ohun tó béèrè ni pé, "Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọ̀ wo ni Fadá wọ̀?"

Mo ní, "Àwọ̀ ewé ni, Màmá."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọ̀ ewé?"

Mi ò mọ̀. Bàbá mi fẹ́ bá mi dáhùn, Màmá na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ó ní, "Kò burú. Ó máa mọ̀ kó tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì mi."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ọdún ìjọ ni mo ń kọ́, àti àwọ̀ tó bá ìgbà kọ̀ọ̀kan mu. Elésè àlùkò la fi ń bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Kérésìmesì, nígbà tí à ń retí Olúwa. Funfun ni Kérésìmesì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ ewé á wà fún ìgbà díẹ̀, títí di Ọjọ́rú Eérú, tí Fadá máa fi eérú màrìwò ọdún tó kọjá sàmì sí wa níwájú orí, elésè àlùkò á sì tún padà wá fún gbogbo ogójì ọjọ́ àwẹ̀. Pupa ni Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, pupa náà ni Ọjọ́ Ẹtì tí Olúwa kú. Funfun olówùú wúrà ni Àjíǹde. Pẹ́ńtíkọ́sì tún jẹ́ pupa, nítorí iná Ẹ̀mí Mímọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ohun tó ń hù, ló kù títí ọdún ìjọ á fi parí. Funfun ni gbogbo ọdún Màríà Wúńdíá. Aṣọ kan tún wà tó jẹ́ píǹkì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń jáde lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan kí Kérésìmesì tó dé, ẹ̀ẹ̀kan láàárín àwẹ̀, láti sọ fún àwọn ènìyàn pé ayọ̀ ò jìnnà mọ́. Màmá fẹ́ràn aṣọ yẹn púpọ̀. Bí Fadá bá ti lò ó tán, á kó káńfọ̀ sí i, á sì ká a bí ẹni ń wé ọmọ tuntun.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, mo mọ̀ pé mo ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá. A gbọ́dọ̀ fọwọ́ dé ìgúnpá ká tó jókòó. A ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà nínú yàrá iṣẹ́. A gbọ́dọ̀ wé orí, kí òróró irun má baà kan aṣọ. Èékánná ni Màmá fi ń wọn ojú abẹ́rẹ́ tí a bá rán sáṣọ. Bó bá rí ẹyọ kan tó gùn ju èkejì lọ, á ní ká tú gbogbo ìlà náà, ká sì tú u láì já òwú. Ọjọ́ kan ni mo ní, "Màmá, ẹ̀yìn aṣọ mà ni, kò sẹ́ni tó máa rí i."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ta lò ń rán an fún?"

Mo tú u.

Ní Ọjọ́ Ẹtì tí Olúwa kú, abẹ́rẹ́ kì í wọ aṣọ nílé Màmá. Máṣíìnì á wà nínú ìbòrí rẹ̀. A ó gba àwẹ̀, a ó tẹ̀ lé Ọ̀nà Àgbélébùú nínú oòrùn, a ò ní gbọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì rárá, pátákó tí wọ́n ń gbá pọ̀ nìkan la máa ń gbọ́. Títí di òní, bí Ọjọ́ Ẹtì yẹn bá dé, ọwọ́ mi ò lè mú abẹ́rẹ́, ìbáà jẹ́ láti so bọ́tìnnì.

Ọmọ-iṣẹ́ méjì la wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni Fẹrónikà, tí gbogbo wa ń pè ní Fẹ́rò, ọmọ àgbẹ̀ olóko kòkó kan ní Modakeke. Ó ti lo ọdún kan kí n tó dé. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu rọ òwú, òun ló kọ́ mi bí mo ṣe lè mọ ìgbà tí Màmá ń bínú lóòótọ́ àti ìgbà tó kàn fẹ́ ká bẹ̀rù. Orí ẹní kan náà la máa ń sùn. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo nǹkan. Ní oṣù Karùn-ún, tí a bá ń to òdòdó yí ère Màríà ká, á ní òdòdó tèmi dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ rẹ́. Lọ́jọ́ ọdún Ara Kristi, àwa méjèèjì ló máa ń rìn lẹ́yìn ìbòrí, nítorí bí ìbòrí bá ya lójú ọ̀nà, àwa la máa rán an. A ó gba àárín ìlú kọjá, àwọn obìnrin á tẹ́ ìró wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn ọmọdé á máa fọ́n òdòdó. Àwọn bàbá onímọ̀le tó jókòó síwájú ilé wọn á ṣí fìlà, wọ́n á dìde dúró títí a ó fi kọjá. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó ìrìn yẹn. Bí mo bá rántí rẹ̀, ọ̀dọ̀ Fẹ́rò ni ojú mi ń lọ, bó ṣe fi abẹ́rẹ́ àti òwú há ẹ̀gbẹ́ gèlè, tó ń kọrin tó sì ń wo etí ìbòrí lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi ni mo bà á jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni, Ọjọ́rú. Aṣọ funfun kan wà tí Fadá òyìnbó tó kọ́kọ́ wá sí ìjọ wa mú wá láti ìlú rẹ̀, sílíìkì tí wọ́n fi òwú wúrà kó iṣẹ́ sí láyà. Mísà Àjíǹde nìkan ni wọ́n ń lò ó fún. Màmá ló máa ń lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ọwọ́ ń dùn ún, ó wá fi lé Fẹ́rò lọ́wọ́. Fẹ́rò da èédú sínú áyọ́ọ̀nù, ó tan iná sí i, ó ní kó gbóná dáadáa kí òun fi sáré pọn omi wá. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá. Mo fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí. Mo rò pé bí Màmá bá dé, tó rí i pé mo ti lọ̀ ọ́, tó sì dán, á mọ̀ pé ọwọ́ mi náà ti tó.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù. Èédú kékeré kan tó pọ́n yòò já bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún àyà aṣọ náà. Kí n tó gbá a dànù, ó ti jó o lu. Ihò náà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo sunkún, mo fẹ́ ẹ, bí ẹni pé atẹ́gùn á dí i. Nígbà tó yá, mo ká aṣọ náà kí ihò lè bọ́ sínú, mo dá a padà sínú àpótí. Nígbà tí Fẹ́rò gbé omi wọlé, mo sọ fún un pé mo ti bá a lọ̀ ọ́. Ó wò mí, ó gbé omi náà kalẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni Màmá ṣí àpótí. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, kò pariwo. "Fẹ́rò. Ìwọ ni mo fún ní aṣọ yìí."

Fẹ́rò wojú mi. Ó wò mí fún ìgbà tó gùn gan-an. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Fẹ́rò wí.

"Kì í ṣe jíjó rẹ̀ ló dùn mí. Ẹnikẹ́ni lè jó aṣọ. O ká a, o fi pamọ́, o sì jẹ́ kí n sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lè fi nǹkan Ọlọ́run sọ́wọ́ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Kó ẹrù rẹ."

Ó kó ẹrù rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ lórí ọ̀nà olókùúta tó wà níwájú ilé, ẹnu mi ò sì là.

Kò ju wákàtí mélòó kan lọ tó kù kí Mísà bẹ̀rẹ̀. Màmá tú òwú wúrà lára aṣọ àtijọ́ kan tó ti gbó, èmi ń tì í bọ abẹ́rẹ́ fún un nítorí ojú rẹ̀. Ó kó àgbélébùú kékeré bo ihò náà. Kí ó má baà hàn pé àbùlẹ̀ ni, ó kó èkejì sí apá òsì. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tí ojú mi rí lọ́wọ́ ẹ̀dá ènìyàn nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ti tan gbogbo àbẹ́là, tí aago tún dún lẹ́yìn ọjọ́ tó ti dákẹ́, tí Fadá jáde nínú aṣọ funfun yẹn, gbogbo ìjọ hó. Nígbà tó tó àkókò láti gba Ara Olúwa, mo jókòó síbi tí mo wà. Mi ò lè lọ. Màmá kọjá níwájú mi, ó padà, ó rí i pé mo ṣì jókòó.

Ó di ọ̀sán Mọ́ńdè, nígbà tí àwọn ará ìjọ ti lọ ṣeré Gálílì. Ó ní, "Mọ́níkà, kí ló dé tí o ò gba Ara Olúwa?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ó máa nà mí. Ó dìde, ó wé gèlè, ó ní, "Ó yá."

Ẹsẹ̀ la fi rìn dé Modakeke. Bàbá Fẹ́rò wà níwájú ilé, ó ń sá kòkó. Màmá Àgátà, tí mi ò rí kó kúnlẹ̀ níbòmíràn rí àfi níwájú pẹpẹ, kúnlẹ̀ fún un nínú erùpẹ̀. "Bàbá Fẹ́rò, mo ṣi ọmọ yín dá lẹ́jọ́."

Bàbá náà yára gbé e dìde. Ó ní, "Màmá, ẹ pẹ́. Ó ti wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin láàárọ̀ yìí, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́."

Mo kọ lẹ́tà méjì sí i. Èsì kankan ò wá. Màmá ò lé mi, ṣùgbọ́n ó ní títí Àjíǹde mìíràn á fi dé, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ funfun. Odidi ọdún kan. Kérésìmesì kọjá, ọdún Màríà kọjá, elésè àlùkò, pupa àti àwọ̀ ewé nìkan ni mò ń rán. Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo gba fúrídọ̀mù, tí mo fẹ́ lọ dá dúró, ó ní kí n dúró ti òun. Mo dúró.

Màmá kú nínú oṣù Kọkànlá, oṣù tí à ń rántí àwọn òkú. Yàrá náà di tèmi, pẹ̀lú máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo ra oníná, ṣùgbọ́n iná tó ń ṣe ségesège mú kí n tún gbé ẹlẹ́sẹ̀ padà, àwọn méjèèjì jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Áyọ́ọ̀nù oníná rọ́pò eléèédú, inú mi sì dùn pé mo bọ́ lọ́wọ́ èédú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà dé. Ẹ̀rọ kan máa ń kó àgbélébùú sáṣọ láàárín ìwọ̀n ìgbà tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ ni aṣọ Mísà tí wọ́n ti rán sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkè òkun wọlé, inú ọ̀rá, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ pé. Fadá ọ̀dọ́ kan fi ọ̀kan hàn mí, ó ní, "Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án, ó fúyẹ́." Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Mo yí i padà láti wo inú rẹ̀, mo dá a padà fún un, mo ní ó dára.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mò ń retí Fẹ́rò. Nígbà tí ìjà wà láàárín Ifẹ̀ àti Modakeke, tí a ò lè kọjá sọ́dọ̀ ara wa, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo máa ń ronú bóyá ilé bàbá rẹ̀ ṣì dúró. Lẹ́yìn tí àlàáfíà ti padà, tí ọkọ mi sì ti kú, obìnrin tó ń ta òwú fún mi sọ pé Alhaja kan ti Ìlọrin dé sí Modakeke, ó ń ránṣọ ìyàwó, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì dà bí tèmi. Mo ju ohun tí mò ń rán sílẹ̀, mo gba Modakeke lọ.

Ó jókòó lójú fèrèsé, ó fi ìbòrí funfun borí. Ó ti sanra. Ó wò mí títí.

"Mọ́níkà."

Mo kúnlẹ̀. "Fẹ́rò, èmi ni mo jó aṣọ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Mo ń gbé omi bọ̀, mo rí ẹ lójú fèrèsé. O ń fẹnu fẹ́ ẹ, o ń sunkún."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún Màmá?"

"Mo rò pé ìwọ máa sọ ọ́. Láti Sátidé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè tí mo wọkọ̀, ojú ọ̀nà ni mò ń wò. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ wá. Mo gba lẹ́tà rẹ méjèèjì pẹ̀lú. Inú ń bí mi nígbà yẹn. Nígbà tí inú ò bí mi mọ́, mo ti bímọ mẹ́ta." Ó fà mí lọ́wọ́. "Dìde. Orúnkún àwa méjèèjì ò gbà á mọ́."

Mùsùlùmí ló fẹ́ ní Ìlọrin, ó sì gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀ tọkàntọkàn. Alhaja Ràfíátù ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi nìkan ló kù tó ń pè é ní Fẹ́rò. Ọdún mẹ́sàn-án la tún fi jọ wà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá sí Òkèrèwè, á jókòó níwájú ilé mi, kó tó mumi ló máa ń béèrè pé, "Àwọ̀ wo la wà báyìí?" Bí mo bá ní elésè àlùkò, á ní, "Ẹ kú àwẹ̀ o." Bí àwẹ̀ tiwọn bá bọ́ sí àkókò kan náà, a ó jókòó láìjẹ láìmu, a ó máa wo àwọn tó ń kọjá. Ó máa ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á fi ìrẹsì Àjíǹde ránṣẹ́. Aṣọ Mísà tí mo rán kẹ́yìn, kí ojú mi tó kọ̀ fún mi, òun ló bá mi ká etí rẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún Fadá, mi ò sì sọ fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá ń ka èyí, mi ò lè sọ fún yín pé kí ẹ kọ́ iṣẹ́ aṣọ Mísà. Kò sí ẹni tó máa kọ́ yín mọ́, bóyá kò sì sí ẹni tó máa rà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù kí ẹ kọ́, ẹ máa bà á jẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní wákàtí yẹn náà ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má dúró di Mọ́ńdè. Ọ̀gá mi dárí jì mí, ọ̀rẹ́ mi dárí jì mí, Ọlọ́run náà dárí jì mí, síbẹ̀ ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí èmi àti Fẹ́rò ì bá fi jọ jókòó, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà.

Lọ́dún yìí, ní ọjọ́ Túsìdeè kan, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, Alhaja ti lọ. Wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gé aṣọ wọn. Ẹ mú sísọ́ọ̀sì yín dání."

Àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ ẹ́ wà nínú yàrá, èmi wà ní pálọ̀. Aṣọ funfun lásán ni, kò sí òwú wúrà, kò sí etí tí a ó ká. Wọ́n sọ bí yóò ṣe gùn tó fún mi. Márùn-ún ni mo gé, iye tí àwọn Mùsùlùmí fi ń di òkú obìnrin. Nígbà tí mo gé èyí tó kẹ́yìn tán, mo fún ọmọ rẹ̀ ní sísọ́ọ̀sì náà pé kó máa lò ó. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó di Ọjọ́bọ̀. Mo jí, mo gbá iwájú ilé, mo sì gbé àga méjì síta kí n tó rántí.